Bí Ìyá Mítà Ṣe Ka Ìwé Òfin

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni obìnrin náà fi ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tó ń ka mítà iná. Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ lẹ́nu aráyé; Ìyá Mítà ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Báàgì awọ á wà léjìká rẹ̀, tọ́ọ̀ṣì kékeré á wà lọ́wọ́ ọ̀tún, bírò á wà létí. Kò sí ilé tí kò wọ̀ rí ládùúgbò. Ó mọ ilé tí ajá ti ń gé èèyàn jẹ, ó mọ ilé tí ọkọ àti ìyàwó kì í ti í bá ara wọn sọ̀rọ̀, ó sì mọ ilé tí wọ́n ti ki wáyà bọ ẹ̀yìn mítà kó má baà yí. Àwọn tó ń ki wáyà yìí ló máa ń kí i jù. Ẹni tó bá ti fi ẹ̀rín pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó sáré gbé omi tútù wá, tó ní, "Ìyá, ẹ kọ́kọ́ fìdí kalẹ̀ ná," ẹ̀yìn mítà ẹni bẹ́ẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ tan tọ́ọ̀ṣì sí.

Iṣẹ́ yìí ló sọ ọ́ di onífura. Ìfura loògùn àgbà, bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. Páńsá ò fura, páńsá jáná. Àjà ò fura, àjà jìn. Ọkọ rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, máa ń sọ fún àlejò pé bí ìyàwó òun bá dé ẹnu ọ̀nà ọ̀run, yóò ní kí áńgẹ́lì fi káàdì iṣẹ́ han òun ná kí òun tó wọlé.

Ó ti tó ọdún kan tí òun náà ti fẹ̀yìn tì nígbà tí apòògùn àdúgbò wá kí i nílé. Obìnrin bí ẹni ogójì ọdún ni apòògùn yìí. Ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì rẹ̀ wà ní ìkóríta, kò jìnnà sí ilé iṣẹ́ ńlá tó ń fi epo dúdú ṣe iná mànàmáná fún ìpínlẹ̀ náà. Ọ̀pá èéfín mẹ́ta ló wà níbẹ̀, wọn kì í sì í sinmi. Bí èèyàn bá sá aṣọ funfun sórí okùn láàárọ̀, eérú á ti bà lé e kó tó gbẹ.

"Ìyá, ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá," ni apòògùn wí. "Àwọn ọmọ tó ń wá ra oògùn ásímà, èyí tí wọ́n ń fọ́n sẹ́nu yẹn, wọ́n ti ń pọ̀ jù. Ní òpópónà tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ iná, agbára káká lẹ fi máa rí ilé tí kò ní ọmọ kan tí èémí ń há fún. Aṣòfin kan ti gbé àbádòfin wá sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ wa. Ó ní kí wọ́n ti ilé iṣẹ́ yẹn pa láàárín ọdún mẹ́rin, kí wọ́n fi iná tó ń ti ara oòrùn àti afẹ́fẹ́ wá rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá gbé sólà sórí òrùlé rẹ̀ náà á lè ta èyí tó bá ṣẹ́ kù fún ìjọba. Àmọ́ tí aráàlú ò bá tì í lẹ́yìn, inú dúrọ́ọ̀ ló máa kú sí. Ẹ̀yin lẹ mọ gbogbo ilé. Ẹ wá bá wa kan ìlẹ̀kùn."

Ìyá Mítà wò ó látòkè délẹ̀. "Ṣé ẹ̀ ń ta sólà ni?"

"Rárá o, Ìyá."

"Ọkọ yín ńkọ́?"

"Káfíńtà lọkọ mi."

"Káfíńtà ló ń kan òrùlé," ni Ìyá Mítà wí. "Orí òrùlé sì ni sólà ń gbé."

Apòògùn bú sẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Ìyá Mítà kò rẹ́rìn-ín. Kò sọ pé òun á ṣe é, kò sì sọ pé òun ò ní ṣe é. Ó sin àlejò rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ó padà wọlé, ó sì sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ dáadáa báyẹn, nǹkan wà lábẹ́ ahọ́n rẹ̀.

Àmọ́ kò gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Ó ra áńkáṣíìfù funfun mẹ́rìndínlógún. Láàárọ̀ gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní agogo mẹ́wàá gééré, ó lọ sí ilé kan ní òpópónà tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ iná, ó fi áńkáṣíìfù kan nu etí fèrèsé kan náà lẹ́ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn náà ó wọkọ̀ lọ sí òdìkejì ìlú, ó fi òmíràn nu etí fèrèsé ilé ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń fi pín-ìn-nì gún àwọn áńkáṣíìfù náà mọ́ inú ìwé ńlá, ó ń kọ ọjọ́ àti ibi tó ti nu wọ́n sábẹ́ wọn, bó ṣe máa ń kọ nọ́ńbà mítà nígbà iṣẹ́. Nígbà tó parí, mẹ́jọ apá ọ̀tún, ti ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ iná, dúdú bí ìdí ìkòkò; mẹ́jọ apá òsì, erùpẹ̀ pupa díẹ̀ ló wà lára wọn, bí ti ilé gbogbo èèyàn.

Ó gbé ìwé náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìkóríta, ó ṣí i sórí káńtà.

"Ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe irọ́," ló wí. "Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

Àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ náà kò ju márùn-ún lọ. Apòògùn ló kó wọn jọ. Lọ́yà ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ń bá wọn ka àbádòfin, tó sì ń bá àwọn ará ilé ìgbìmọ̀ sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti gba ìbuwọ́lùwé lọ́wọ́ aráàlú, kí wọ́n lè kó o lọ síwájú àwọn aṣòfin lọ́jọ́ àpérò ìtagbangba.

Ìyá Mítà rò pé kíkan ìlẹ̀kùn ò lè nira fún òun. Kò mọ̀ pé ìgbà tí èèyàn bá wọ aṣọ iṣẹ́ yàtọ̀ sí ìgbà tó bá wọ aṣọ ilé. Àwọn tó ti ń ṣílẹ̀kùn fún un láti ọjọ́ pípẹ́ wá ń ti ihò ìlẹ̀kùn yọjú. Ọ̀kan ní òun ò sí nílé, láti inú ilé náà ló sì ti sọ ọ́. Oníbúrẹ́dì tó ń gbé ní òpópónà kejì dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ oníyẹ̀fun gbera.

"Ìyá Mítà, nígbà yẹn mítà lẹ̀ ń kà. Kí lẹ wá ń kà báyìí? Ta ló rán yín?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi."

"Gbogbo èèyàn lẹnì kan ń rán. Tí wọ́n bá ti ilé iṣẹ́ iná pa, ṣé ẹnu yín lẹ máa fi fẹ́ ààrò mi?"

Inú Ìyá Mítà dùn sí i. Ó jókòó sórí àga onípákó, ó fi abala tó sọ pé wọn ò ní pa ẹ̀rọ kankan àfi tí èyí tó máa rọ́pò rẹ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́ hàn án. Oníbúrẹ́dì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó béèrè ìbéèrè mẹ́sàn-án, lẹ́yìn náà ló buwọ́ lù ú. Nígbà tí òun àti apòògùn tí wọ́n jọ wá ń lọ, Ìyá Mítà sọ fún un pé òun gba ti ọkùnrin yẹn ju àwọn tó ń buwọ́ lù ú láì kà á lọ.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wá bá a. Ọdún mọ́kàndínlógún ni àbúrò yìí ti ń tọ́jú ẹ̀rọ nínú ilé iṣẹ́ iná náà. Kò jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ̀ ń sọ káàkiri ìlú pé kí wọ́n ti ibi iṣẹ́ mi pa."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́."

"Gbogbo èèyàn kì í ṣe orúkọ. Ta ni?"

"Ẹ wò ó, ẹ má ka mítà sí mi lára o! Ṣé òótọ́ ni àbí irọ́ ni?"

"Èéfín ni mo fẹ́ kí wọ́n dá dúró, kì í ṣe ìwọ."

"Ibi tí èéfín yẹn ti ń jáde ni oúnjẹ àwọn ọmọ mi náà ti ń jáde," ni àbúrò rẹ̀ wí. Ó jáde, kò fọwọ́ kan omi tí wọ́n gbé fún un. Ìyá Mítà gbé omi náà padà. Ó ti gbọ́ irọ́ lóríṣiríṣi rí, ó mọ bó ṣe máa ń dún. Èyí kò dún bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó yá, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹlẹ̀ tí kò yé ẹnikẹ́ni. Òpópónà tí ẹgbẹ́ bá ti fẹ́ lọ lọ́la, àwọn ọkùnrin méjì kan tó wọ aṣọ ilé iṣẹ́ iná á ti débẹ̀ lónìí. Wọ́n á pín fìtílà oníbátìrì fún àwọn ará ilé, wọ́n á sì fún wọn ní ìwé kékeré kan tó sọ pé òfin tuntun yóò kó gbogbo ìlú sókùnkùn. Tí Ìyá Mítà bá fi máa dé ibẹ̀, ilẹ̀kùn á ti tì. Ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n ní ó ṣèèṣì ni. Ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ẹnì kejì.

Níbi ìpàdé tí wọ́n ṣe ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, apòògùn ń yí ìdérí ìgò kan lọ́wọ́. "Ìyá, ẹ má bínú sí mi. Ẹni wa kan ò sí nílé iṣẹ́ iná o, àfi... àbúrò yín."

Ó dun Ìyá Mítà wọra. Òun fúnra rẹ̀ ti ro ti àbúrò rẹ̀, ṣùgbọ́n kí èèyàn máa rò ó nínú ara rẹ̀ yàtọ̀ sí kí ará ìta sọ ọ́ jáde. Ó gbé ojú sókè, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára lọ́yà. Ní gbogbo ìpàdé, lọ́yà yìí máa ń da ojú fóònù rẹ̀ délẹ̀ lórí tábìlì. Tó bá dún, á gbé e, á sáré jáde lọ sídìí ògiri, á máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Kí ló ń fi pa mọ́?

Ìyá Mítà dẹ pańpẹ́. Ó yọ́ sọ fún lọ́yà nìkan pé ọ̀dọ̀ àwọn aránṣọ ni àwọn máa lọ ní Ọjọ́bọ̀. Ó ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ nìkan pé òpópónà ilé ẹ̀kọ́ ni. Ní Ọjọ́rú, ó jókòó sí ibùdókọ̀ tó wà láàárín òpópónà méjèèjì láti àárọ̀, ó de gèlè mọ́lẹ̀ dé ojú. Nígbà tó di ọ̀sán, àwọn oníṣẹ́ fìtílà dé. Ọ̀dọ̀ àwọn aránṣọ ni wọ́n yà sí.

Lójú ẹsẹ̀ ló gba ìkóríta lọ. Lọ́yà wà níbẹ̀ pẹ̀lú apòògùn àti àwọn yòókù.

"Ọmọ yìí ló ń tà wá!" Ó na ìka sí lọ́yà. "Ìwọ nìkan ni mo sọ fún. Ìwọ nìkan! Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ nídìí ògiri?"

Lọ́yà dìde, ojú rẹ̀ fà ro. "Ìyá mi ni, mà. Ó wà nílé ìwòsàn láti oṣù méjì sẹ́yìn. Tí ọkàn rẹ̀ ò bá balẹ̀, èmi ló máa ń pè." Ó na fóònù náà sí i. "Lóòótọ́ lẹ sọ fún mi. Ìpàdé la jọ ń ṣe, mo rò pé ẹ fẹ́ kí n sọ fún àwọn tó kù ni. Mo sọ ọ́ fún apòògùn kó lè kọ ọ́ sílẹ̀."

Apòògùn fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó rìn lọ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, gbogbo wọn tẹ̀ lé e. Lára gíláàsì, láàárín ìwé ìpolówó oògùn ikọ́ àti ti ọṣẹ, ìwé kan wà tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, ojú rẹ̀ kọ sí títì. Ó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ síbẹ̀: *Ibi tí a ó lọ lọ́sẹ̀ yìí.* Òun fúnra rẹ̀ ló ń lẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ yìí wá, kí ẹni tó bá fẹ́ bá wọn lọ lè mọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá lọ ló lè kà á.

Kò sí ọ̀dàlẹ̀ kankan láàárín wọn. Lọ́yà mú báàgì rẹ̀, ó sì lọ.

Ìyá Mítà délé, kò jẹun. Ó ròyìn fún ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó kàn ní, "Tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ní ká máa tàn sẹ́yìn mítà, ìwọ lọ tàn án sójú ọmọ ọlọ́mọ."

Ọ̀rọ̀ yìí gún un lọ́kàn. Ó pinnu pé òun ò ní fura sí ẹnikẹ́ni mọ́, kódà kó jẹ́ ológbò tó jókòó ti ẹja.

Ọ̀sẹ̀ méjì kí àpérò ìtagbangba tó wáyé, ilé ìgbìmọ̀ fi ẹ̀dà àbádòfin tí wọ́n máa jíròrò lé lórí ránṣẹ́. Apòògùn ṣe é ní ẹ̀dà púpọ̀, ó pín in, inú gbogbo èèyàn ń dùn. Ìyá Mítà gbé tirẹ̀ sílé, ó wọ dígí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi bírò tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé abala kejìlá, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Èyí tó kà ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn sọ pé àjọ ìpínlẹ̀ *gbọ́dọ̀* ti ilé iṣẹ́ epo dúdú náà pa. Èyí tó wà níwájú rẹ̀ sọ pé àjọ ìpínlẹ̀ *lè* tì í pa.

Ó pa ìwé náà dé. Ó ní bóyá òun ò kà á dáadáa nígbà yẹn. Ó ní ìfura ti tún fẹ́ kó òun sí wàhálà. Ọjọ́ méjì ló fi gbé e pamọ́ sábẹ́ pílò, kò sì sùn dáadáa lórí pílò náà. Ní ọjọ́ kẹta, ó wọ bàtà, ó lọ sí ọ́fíìsì lọ́yà.

Yàrá kan ṣoṣo ni ọ́fíìsì náà, ìwé wà lórí àga, ìwé wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá Mítà fẹ́ kúnlẹ̀. Lọ́yà sáré dì í lápá mú.

"Ẹ dákun, Ìyá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ò lè kúnlẹ̀ fún mi."

"Mo ṣẹ̀ ẹ́. Mo ba orúkọ rẹ jẹ́ lójú èèyàn, ojú èèyàn náà ni mo sì ti máa bẹ̀ ẹ́. Báwo lara ìyá rẹ?"

"Wọ́n ti ń jẹ́ kó rìn díẹ̀díẹ̀."

"A dúpẹ́." Ó fa ìwé yọ. "Wá bá mi wo èyí. Tó bá jẹ́ pé ojú mi ló ń ṣe mí, sọ fún mi, n ó máa lọ sílé."

Lọ́yà wá ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde látinú fáìlì kan. Ó fi wọ́n ṣẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún kà á, ó jókòó.

"Mo ti ka èyí tuntun yìí lẹ́ẹ̀mẹta," ló wí nígbà tó yá. "Mi ò rí i. Ìyá, ọ̀rọ̀ kan yìí ni gbogbo òfin. Tí wọ́n bá lè ṣe é, wọ́n lè má ṣe é títí láé."

Gbọ̀ngàn ilé ìgbìmọ̀ tutù nini lọ́jọ́ àpérò. Àwọn aṣòfin tó wà nínú ìgbìmọ̀ jókòó síbi gíga, àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ iná jókòó lápá kan pẹ̀lú kóòtù tó bára mu, àwọn aráàlú kún ẹ̀yìn. Lọ́yà sọ ohun tí wọ́n rí. Alága ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Àṣìṣe ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lásán nìyẹn. Kò tó ohun à ń pariwo lé lórí."

Ìyá Mítà dìde. Wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún un, ó sì dì í mú bíi tọ́ọ̀ṣì.

"Ọmọ mi, ẹ ṣé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ka mítà. Gbogbo ẹni tí mo bá wáyà lẹ́yìn mítà rẹ̀ ló ń sọ pé àṣìṣe ni. Mo bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà: kí ló dé tí àṣìṣe yìí kò fìgbà kan jẹ́ kí mítà yín máa sáré? Ìwé yìí ní ojú ewé mẹ́rìnlélógójì. Kò sí lẹ́tà kan tó ṣì níbòmíràn. Ibi tó máa ṣe ilé iṣẹ́ láǹfààní nìkan ni ọwọ́ akọ̀wé ti yẹ̀. Mi ò pe ẹnikẹ́ni lólè. Ẹ kàn dá ọ̀rọ̀ náà padà síbi tí ẹ ti rí i."

Ariwo sọ. Alága ń lu tábìlì. Nígbà tó rọlẹ̀, ẹnì kan nawọ́ láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Ìyá Mítà bojú wẹ̀yìn. Àbúrò rẹ̀ ni, ó wọ aṣọ iṣẹ́.

"Mi ò bá ẹ̀gbọ́n mi wá," ló wí. "Iṣẹ́ mi ni mo bá wá. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n pín fún ìlú pé asẹ́ tó ń gba eérú dúró wà lẹ́nu ọ̀pá èéfín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi ni mo ń tọ́jú wọn. Ó ti lé lọ́dún márùn-ún tí wọ́n ti ní ká yọ ti ọ̀pá kejì kúrò, wọn ò dá a padà." Àwọn oníkóòtù ń wo ara wọn. "Mi ò ní kí ẹ tì wá pa. Àmọ́ tí ẹ bá máa tì wá pa, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìjọba máa kọ́ àwa òṣìṣẹ́ ní iṣẹ́ sólà, wọ́n á sì gbà wá síbẹ̀. Ẹ má kọ 'lè' o. 'Gbọ́dọ̀' ni kí ẹ kọ."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, títí kan aṣòfin méjì.

Wọn ò mọ ẹni tó pààrọ̀ ọ̀rọ̀ náà títí di òní. Akọ̀wé ilé ní bí wọ́n ṣe gbé e fún òun lòun ṣe tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó gbé e fún un ní àwọn ò ṣí i wò. Ìyá Mítà ní ẹnì kan lọ́kàn, ṣùgbọ́n kò tíì dárúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, kódà fún ọkọ rẹ̀. Ó ti kọ́gbọ́n.

Òfin náà kọjá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, gómìnà sì buwọ́ lù ú. *Gbọ́dọ̀* padà síbi tó wà, ti àwọn òṣìṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Àmọ́ ọdún mẹ́rin ti di mẹ́fà, wọ́n sì fi gbèdéke sí iná tí onílé lè tà fún ìjọba. Apòògùn sunkún nítorí ọdún méjì tí wọ́n fi kún un, ó ń ka orúkọ àwọn ọmọ tó mọ̀ sókè. Lọ́yà ní ìjà kan kì í tán nílé òfin. Níwájú gbogbo ẹgbẹ́ ni Ìyá Mítà ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣèlérí.

Ní ti àbúrò rẹ̀, wọ́n gbé e kúrò nídìí ẹ̀rọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé àpérò, wọ́n ní kó máa ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí. Ọ̀pọ̀ oṣù ni kò fi yà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ sólà bẹ̀rẹ̀, ó wà lára àwọn méjìlá àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́. Lọ́dún kejì, nígbà tí wọ́n fẹ́ pa ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ ọ̀pá èéfín àkọ́kọ́, wọ́n ní kó wá, torí òun ló mọ ọ̀nà ẹ̀ jù. Láti ibẹ̀ ló ti wá sílé Ìyá Mítà ní ìrọ̀lẹ́, ó jókòó.

"Mo ti pa á," ló wí. "Kò dún mọ́. Ibi tí mo ti ń gbọ́ ariwo fún ọdún mọ́kànlélógún, mo ń gbọ́ ẹyẹ."

"Báwo ló ṣe rí lára rẹ?"

"Mi ò mọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Mo kàn dúró síbẹ̀, mi ò mọ ibi tí n ó gbé ọwọ́ mi sí."

Ìyá Mítà dìde, ó bu oúnjẹ wá, ó gbé omi tì í. Àbúrò rẹ̀ fọ ọwọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.